Ẹjọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n fi ọdún mẹ́fà rò

Ibi tí Gavin Grimm, ọmọ ilé ìwé kan ní Amẹ́ríkà, sá lọ láti tọ̀ ló jẹ́ kí n dúró ti ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní ilé ìwé wọn, ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti ọkùnrin, wọ́n ti fòfin dè é níbẹ̀. Ti obìnrin, kò ṣeé wọ̀ fún un. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé, irú ibi tí èmi ti máa ń ra páìpù àti ẹnu ẹ̀rọ, kó tó rí ibi tọ̀ sí. Àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé ìdájọ́ wọn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́ lẹ́nu mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ níbí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tánkì, páìpù àti sọ́kàwéè ni mo máa ń sọ. Púlọ́ńbà ni mí. Ìkòròdú níbí ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìta Ẹlẹ́wà, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń jẹun títí dòní. Ọ̀rọ̀ òfin kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n lọ́yà kan wà ní Igbogbo tí mo ń bá tún ilé ṣe, obìnrin tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Àǹtí Lọ́yà ni mò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ dáadáa. Mo ń pààrọ̀ WC rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó bi mí pé, "Bàbá Ṣadé, tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì fún ọmọ kan ṣoṣo nínú ilé ìwé, níbo lẹ máa gbé e sí?" Mo ní ibi tó bá sún mọ́ sọ́kàwéè jù lọ ni, torí owó páìpù. Ó ní, "Ẹ ò tiẹ̀ béèrè ibi tí kíláàsì ọmọ náà wà." Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹjọ́ Gavin yìí fún mi. Nígbà tí mo délé, èmi náà wá ìdájọ́ náà lórí fóònù, Ṣadé ọmọ mi sì ń ràn mí lọ́wọ́ níbi tí òyìnbó inú rẹ̀ bá ti le jù.

Ní Gloucester, ìpínlẹ̀ Virginia, ló ti ṣẹlẹ̀. Obìnrin ni wọ́n kọ sínú ìwé ìbí ọmọ náà. Nígbà tó ń bàlágà ó sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé ọkùnrin lòun, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀, ó yí orúkọ padà, ó gẹrun, ó ń gbé gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin. Transgender ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ní 2014, pirinsípà rẹ̀ gbà pé kó máa lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọkùnrin. Bí ọ̀sẹ̀ méje ló fi lò ó, kò sì sí wàhálà kankan nínú ibẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tó gbọ́ nípa rẹ̀ ni inú wọn kò dùn. Wọ́n gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn ilé ìwé agbègbè náà.

Ẹnì kan dìde ní ìpàdé ìgbìmọ̀ yẹn, ó pe ọmọ náà ní abàmì, ó tún fi í wé ẹni tó rò pé ajá lòun, tó wá fẹ́ máa tọ̀ sí ìdí ẹ̀rọ omi àwọn panápaná. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Gavin nígbà náà. Lójú gbogbo ìlú! Mo ti jókòó nínú ìpàdé òbí àti olùkọ́ rí, mo mọ bí ẹnu àwa àgbà ṣe máa ń rí tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá bọ́ sí wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ti kọjá ẹnu. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 2014, ìgbìmọ̀ náà dìbò. Mẹ́fà gbà, ẹnì kan kọ̀: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkùnrin fún ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin, ti obìnrin fún ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá ibòmíràn fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sílé ìwé náà, torí ibẹ̀ ni ojú mi là sí. Wọ́n fi kún pátíṣọ̀n tó wà láàárín ibi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń dúró tọ̀. Wọ́n fi nǹkan dí àlàfo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n sì kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹlẹ́nìkan mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ mi. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó sún mọ́ kíláàsì Gavin, kò sì sí ọmọ mìíràn tí wọ́n fipá mú pé ibẹ̀ nìkan ni kó máa lọ. Tó bá dìde láàárín ẹ̀kọ́, gbogbo kíláàsì ti mọ ibi tó ń lọ àti ìdí tó fi ń lọ síbẹ̀. Ohun tí ọmọ náà wá ṣe ni pé ó ń pa á mọ́ra. Ó ń mú un mọ́ra láti àárọ̀ títí tí ilé ìwé á fi parí, títí àrùn ojú ìtọ̀ fi mú un.

Ìpa-mọ́ra yẹn kò ṣàjèjì sí mi rárá.

Ilé ìwé kan wà lẹ́bàá Ìkòròdú yìí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n pè mí sí láti wá wo ìdí tí omi kò fi gòkè. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin ní ilẹ̀kùn mẹ́fà lórí ìlà kan. Bóòtù ara rẹ̀ ti bọ́ tán, ihò ìṣó nìkan ló kù. Ẹ wá wo bí àwọn ọmọ náà ṣe ń ṣe é: ọ̀kan á wọlé pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn láti ìta, á fi gìgísẹ̀ tì í, á máa kọ nóòtì rẹ̀ lọ lórí ìdúró. Tí ti inú bá parí, á kàn án lára páànù, wọ́n á ṣe pàṣípààrọ̀. Mo dúró lórí àkàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì, mò ń wò wọ́n. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé ẹni tí kò ní ọ̀rẹ́ ńkọ́? Ó ní, "Bàbá, ìyẹn ò ní mumi láàárọ̀ ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta búrẹ́dì.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bá àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ Gloucester ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn òyìnbó kò rí iṣẹ́ ṣe, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń torí ẹ̀ lọ sí kóòtù. Ọmọ tí kò mumi láàárọ̀ kí ó má baà tọ̀, ẹjọ́ wà nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ Virginia, ì báà jẹ́ Ìkòròdú.

Nípa òfin náà, bí Àǹtí Lọ́yà ṣe là á fún mi nìyí. Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Title IX, ọdún 1972 ni wọ́n ṣe é. Ó ní ilé ìwé tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọ́dọ̀ rẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ nítorí pé ó jẹ́ akọ tàbí abo. Ní 1975, wọ́n ṣe ìlànà kan tẹ̀ lé e: ilé ìwé lè ya ilé ìgbọ̀nsẹ̀, yàrá ìpààrọ̀ aṣọ àti ibi ìwẹ̀ ọkùnrin sọ́tọ̀ sí ti obìnrin, bí wọ́n bá ti ṣe méjèèjì dọ́gba. Àwọn tó kọ ìlànà yẹn kò ronú kan ọmọ bíi Gavin. Ìgbìmọ̀ ilé ìwé ní ìlànà náà ti fún àwọn láṣẹ tán, bí wọ́n bá ti bí èèyàn náà ló ń jẹ́, àwọn ọmọ yòókù sì ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara wọn. Àwọn agbẹjọ́rò Gavin, láti ACLU, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lọ́hùn-ún, ní kò sí ẹni tó ń bá ìyàsọ́tọ̀ jà. Àwọn ń sọ pé ọkùnrin ni ọmọ yìí ní gbogbo ọ̀nà tí àwọn èèyàn fi ń rí i, àti pé ilé ìwé wá yọ òun nìkan sọ́tọ̀ nínú gbogbo àwọn ọkùnrin.

Oṣù kẹfà 2015 ni wọ́n gbé ẹjọ́ lọ. Adájọ́ Robert Doumar da apá tó jẹ mọ́ Title IX nù lọ́dún náà. Ní oṣù kẹrin 2016, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbé e dìde padà, torí pé iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Obama ti sọ bí òun ṣe lóye òfin náà, ó sì gbè sẹ́yìn ọmọ. Ní oṣù karùn-ún, ìjọba kan náà kọ lẹ́tà sí àwọn ilé ìwé jákèjádò orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n jẹ́ kí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lo ibi tó bá irú ẹni tí wọ́n ní àwọn jẹ́ mu. Kí ọdún tó yípo, Trump ti wọlé. Ní oṣù kejì 2017, wọ́n fa lẹ́tà náà ya. Supreme Court tó ti ní òun máa gbọ́ ẹjọ́ náà wá dá a padà sísàlẹ̀ ní oṣù kẹta, wọ́n ní kí wọ́n lọ tún un rò. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, Gavin jáde ilé ìwé.

Ọmọ ti gba ìwé ẹ̀rí, ẹjọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ó tún tó ọdún méjì kí Adájọ́ Arenda Wright Allen tó dá a láre, ní oṣù kẹjọ 2019. Ìgbìmọ̀ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù kẹjọ 2020, adájọ́ mẹ́ta jókòó, méjì gbè é, ọ̀kan kò gbè é. Henry Floyd ló kọ ti àwọn méjì. Ohun tó wí, ní ṣókí, ni pé ìyọkúrò ọmọ náà kò fi nǹkan kan kún àṣírí àwọn yòókù, ìyà ló fi jẹ ẹ́. Paul Niemeyer ni ẹnì kẹta. Ó ní ilé ìwé kò ṣe ju ohun tí òfin gbà láàyè lọ, pé ìtìjú ara láàárín ọkùnrin àti obìnrin ni ìdí tí wọ́n fi ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ láti ìpìlẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2021, Supreme Court ní òun kò ní dá sí i, ìdájọ́ sì dúró bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà san mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún dọ́là fún owó agbẹjọ́rò. Ẹ fún mi ní ìdá kan nínú ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀, kí ẹ wo ohun tí mo máa fi ṣe sí gbogbo ilé ìwé láti Sábó dé Bayeku.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún Àlùhájì tó ń ta páìpù fún mi ní Sábó, kò jẹ́ kí n sọ ọ́ dé òpin. Ó ní, "Bàbá Ṣadé, mo ní ọmọbìnrin mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká yí i padà: ọmọ tí wọ́n bí ní ọkùnrin ló ní obìnrin lòun, ó wá bá tèmi níbi tó ti ń bọ́ṣọ. Ṣé ẹ máa wí fún mi pé kí n dákẹ́?" Mi ò wí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, àwọn tó ń fi í ṣe ẹlẹ́yà kì í ní ọmọbìnrin nílé. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le nìyẹn: wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ibi ìwẹ̀ àti yàrá ìpààrọ̀ aṣọ rojọ́ pọ̀ mọ́ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èèyàn ń wọ inú yàrá, á tilẹ̀kùn, á ṣe tirẹ̀, á jáde. Ibi ìwẹ̀ gbangba jẹ́ ihòòhò. Èmi ò ní fi ìdáhùn ọ̀kan dáhùn èkejì, àwọn ọmọ Àlùhájì sì ní ẹ̀tọ́ sí ibi tí wọ́n máa bọ́ aṣọ sí láìsí ojú ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ojú obìnrin bíi tiwọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Àbúrò ìyàwó mi ń gbé ní Hampton, kò jìnnà sí Gloucester yẹn. Mo ní kó ya fídíò inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbangba kan fún mi, èyí tí kò sí èèyàn níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé orí mi ti dàrú. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Nígbà tí fídíò náà dé, ẹnu yà mí. Ilẹ̀kùn kò kanlẹ̀! Ẹ ń rí bàtà ẹni tó jókòó. Òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Láàárín ilẹ̀kùn àti òpó, àlàfo wà tí ojú lè gbà kọjá. Amẹ́ríkà tó lọ sí òṣùpá! Bí mo bá ṣe irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún ilé ìwé kan ní Agric, àwọn òbí á lé mi dé ilé.

Mo sọ fún Àǹtí Lọ́yà pé ìdajì ẹjọ́ yìí, iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà ni. Kọ́ ògiri kanlẹ̀ kan òkè, fi bóòtù tó dára sí i, gbé ibi ìfọwọ́ jáde sí gbangba kí olùkọ́ tó ń kọjá lè máa rí i, ìpayà tó bá kù kò ní tó nǹkan. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ẹ wí òótọ́, ṣùgbọ́n ògiri kò ní dáhùn ìdajì tó kù. Ẹni tí wọ́n bá yọ lẹ́gbẹ́ ṣì mọ̀ pé wọ́n yọ òun lẹ́gbẹ́, kódà tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ́ fún un bá dára ju ti gbogbo wọn lọ."

Ní ilé tí wọ́n bí mi sí ní Èbúté, yàrá mẹ́wàá ni, ṣáláńgá kan ló wà ní ẹ̀yìnkùlé. Bàbá onílé, àwọn ìyàwó ayálégbé, àwa ọmọ ilé ìwé, àlejò tó wá kí ẹbí, ibẹ̀ ni gbogbo wa ń lọ. Kò sí ẹni tó kọ nǹkan kan sára páànù tó wà níwájú rẹ̀. Ikọ́ ni kọ́kọ́rọ́ wa. Tó o bá ń bọ̀, wàá húkọ́. Ẹni tó wà nínú á húkọ́ padà. O ó sì yà dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Ní ìlú kan náà, tí ọjọ́ Orò bá kò, obìnrin kì í jáde, kò sì sí ẹni tó ń bi ẹnì kan pé kí ló dé. Nítorí náà ẹni tó bá ní Yorùbá kò mọ ìyàsọ́tọ̀, irọ́ ló ń pa. Ẹni tó bá sì ní ìyàsọ́tọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti wà láti ayébáyé, kò gbé inú ilé oníyàrá mẹ́wàá rí.

Ẹ má rò pé gbogbo kóòtù Amẹ́ríkà ló fohùn ṣọ̀kan o. Ní Florida, ọmọ kan tó ń jẹ́ Drew Adams, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jọ ti Gavin gan-an. Òun náà lo ti ọkùnrin fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àwọn ọmọbìnrin méjì tó lọ sọ pé àwọn rí i tó ń wọ ibẹ̀. Kóòtù àkọ́kọ́ dá a láre ní 2018. Nígbà tí gbogbo àwọn adájọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ìhà ibẹ̀ wá jókòó pọ̀, ní òpin 2022, méje lòdì sí i, mẹ́rin gbè é. Barbara Lagoa ló kọ ìdájọ́ náà: pé ìyàsọ́tọ̀ nípa bí wọ́n ṣe bíni bá òfin mu, ìlànà 1975 sì ti fàyè gbà á.

Nǹkan kan nínú ẹjọ́ Adams pa mí lẹ́rìn-ín. Ilé ìwé náà ní bí a ṣe bíni ni àwọn ń wò, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wò gan-an ni ìwé tí òbí kó wá lọ́jọ́ tí ọmọ wọlé. Ọmọ tó bá ti tún ìwé rẹ̀ ṣe kí ó tó wá forúkọ sílẹ̀ kò ní bá wàhálà kankan pàdé. Drew ti forúkọ sílẹ̀ láti kékeré, ìwé rẹ̀ àtijọ́ sì ni wọ́n dì mú. Ní ìlú tí àfidáfíìtì ti ń sọ ọmọ ogójì ọdún di ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ohun tí ìwé lè ṣe fún ẹ̀yin èèyàn mi.

Níbí ńkọ́? Irú ẹjọ́ yìí kò tíì jẹ́ ọ̀rọ̀ kóòtù wa. Tí mo bá dárúkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́, òfin 2014 tí Jonathan fọwọ́ sí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jù sí mi lójú. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin, obìnrin sí obìnrin, àti ẹgbẹ́ wọn ni òfin yẹn ń sọ, kò sọ̀rọ̀ ọmọ tó ń wá ibi tọ̀ sí. Àmọ́ a ti bá ilé ìwé dé kóòtù lórí ohun tí ọmọ gbà gbọ́ nípa ara rẹ̀, ní Èkó yìí kan náà. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ híjáàbù. Ní oṣù kẹwàá 2014, kóòtù gíga sọ pé Ìpínlẹ̀ Èkó lè ní kí ọmọ má fi híjáàbù bo orí wá sí ilé ìwé ìjọba. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà ní 2016. Ó di ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2022 kí Supreme Court tiwa tó parí rẹ̀, adájọ́ márùn-ún sí méjì: ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ náà ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bínú pé mo fi ẹ̀sìn wé èyí. Mi ò fi ọ̀kan wé èkejì, àkókò ni mò ń kà. Ó lé ní ọdún méje láàárín ìdájọ́ àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn níbí. Ọdún mẹ́fà lọ́hùn-ún. JSS 1 sí SS 3, ọdún mẹ́fà ni. Ẹni tó bá forúkọ ọmọ rẹ̀ pẹjọ́ lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ìwé, ọmọ ẹlòmíràn ló ń jà fún, tirẹ̀ á ti jáde. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyẹn, mo sì sọ ọ́ fún Àǹtí Lọ́yà pé kí àwọn lọ́yà wá nǹkan ṣe sí i. Ó ní kóòtù máa ń lè pàṣẹ ìgbà díẹ̀ kí ẹjọ́ tó parí, pé Gavin náà rí irú rẹ̀ gbà ní 2016, kí Supreme Court tó gbẹ́sẹ̀ lé e ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, kí ilé ìwé tó wọlé. Ẹ gbọ́ ọ ná: wọ́n fún un láṣẹ láti tọ̀, wọ́n gba àṣẹ náà padà kí ó tó lò ó.

Ní tèmi o, ibi tí mo dúró sí nìyí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹlẹ́nìkan, kí wọ́n kọ́ ọ sí àárín ilé ìwé níbi tí gbogbo ọmọ ń gbà kọjá, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ máa lò ó: ẹni tí inú ń run, ẹni tó ń tijú, ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù rẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tó jẹ́ bíi Gavin. Kí wọ́n má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Mo ń bá obìnrin kan tó ní ilé ìwé aládàáni kọ́ tuntun báyìí, mo sì sọ èyí fún un. Kò tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan nípa Virginia lẹ́nu mi, mo kàn ní ọmọ máa ń ṣàìsàn, ọmọ máa ń tijú. Ó gbà kí ògiri kan òkè. Ó gba bóòtù inú. Ti ẹlẹ́nìkan, ó ní kí n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì òun, kí òun lè máa mọ ẹni tó ń wọ̀ ọ́. Mo ní, "Mọ̀mọ́, tí ẹ bá ti ń wo ẹni tó ń wọ̀ ọ́, wọn ò ní wọ̀ ọ́." A ṣì ń fà á.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí lọ́hùn-ún. Ìjọba Biden ṣe ìlànà tuntun ní 2024 tó fi àwọn ọmọ transgender sábẹ́ ààbò Title IX. Ní oṣù kìn-ín-ní 2025, adájọ́ kan ní Kentucky fagi lé e látòkè délẹ̀. Ìjọba Trump kejì sì ti kọjú sí ìhà kejì pátápátá. Ní South Carolina, ìpínlẹ̀ ní kí ilé ìwé máa tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe bí ọmọ. Ọmọ kan bíi Gavin pẹjọ́, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí ó máa lo ti ọkùnrin títí ẹjọ́ yóò fi parí, ìpínlẹ̀ bẹ Supreme Court kó dá àṣẹ náà dúró, Supreme Court sì kọ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2025, ó ṣọ́ra láti sọ pé èyí kì í ṣe ìdájọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

South Carolina wà lábẹ́ kóòtù tó dá Gavin láre. Georgia tó bá a pààlà wà lábẹ́ èyí tó dá Drew lẹ́bi. Àbúrò ìyàwó mi ní iṣẹ́ ọkọ òun máa gbé wọn láti Virginia lọ sí Atlanta, ọmọ kan bíi Gavin sì wà ní kíláàsì ọmọ rẹ̀ ní Hampton, tí òun àti ọmọ rẹ̀ jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, tí kò sí ẹni tó ń bá a fa wàhálà. Mo bi í pé tó bá jẹ́ pé òbí ọmọ yẹn ni iṣẹ́ ń gbé lọ sí Atlanta ńkọ́? Ó ní wọ́n á béèrè lọ́wọ́ lọ́yà kí wọ́n tó béèrè owó ilé.